Òṣùwọ̀n Kílò, BMI Tàbí Téèpù: Èwo Ló Yẹ Kí A Fi Mọ Bí Ìlera Wa Ṣe Rí?

Ìwọ̀n ara wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ara wọn lẹ́jọ́ nílé. Ẹni tí kílò rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ a máa yọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá gòkè a máa banú jẹ́, láì tíì mọ ohun tó dín kù tàbí ohun tó kún. Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní apá mìíràn: bí a bá pàdé ẹni tí a kò rí láti ọjọ́ pípẹ́, tí ara rẹ̀ kún dáadáa, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́, bí ó bá rù, a ó máa bi í bóyá kò sí nǹkan. Ojú ni a fi wọ̀n ọ́n, a sì ti ṣe ìdájọ́. Òṣùwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ju ohun tí ojú yẹn ń ṣe lọ, àfi pé ó fi nọ́ńbà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni pé kí n gbé àwọn ọ̀nà tí a fi ń wọn ara sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, kí ẹni tó bá ń wá èyí tí yóò máa lò lè yan èyí tó bá ipò rẹ̀ mu. Mi ò ní fi èrò tèmi pamọ́. Bí ó bá jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo ni àgbàlagbà tí kò lóyún fẹ́ ní nílé, mo gbà pé téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ sàn fún un ju òṣùwọ̀n lọ, nítorí pé àwọn àìsàn tí ìsanra ń fà kò dúró lórí bí ara ṣe wúwo tó nìkan, bí kò ṣe lórí ohun tó mú un wúwo àti ibi tí ohun náà kó jọ sí nínú ara.

Òṣùwọ̀n kílò

Nígbà tí ènìyàn bá gun òṣùwọ̀n, gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló gbé gùn ún: eegun, iṣan, ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀, omi, oúnjẹ àná tí kò tíì kúrò nínú ìfun, àti aṣọ tó wọ̀. Òṣùwọ̀n a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo lé e. Bí ènìyàn bá mu lítà omi kan, kílò kan ti wọlé nìyẹn lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ọ̀rá kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ẹnì kan náà fi lè fi kílò kan sí méjì yàtọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, tí ti obìnrin fi lè gòkè bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, tí ẹni tó jẹ oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀ lóde àríyá lánàá sì fi lè jí lónìí kó rí i pé òun ti wúwo sí i.

Ibi tí èyí ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù lọ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù. Ara a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ní irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycogen, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a sì máa di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Ẹni tó bá pa ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì tì lójijì yóò kọ́kọ́ lo ohun tó wà nípamọ́ yìí, omi tó so mọ́ ọn yóò sì bá ìtọ̀ jáde. Kílò méjì lè lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni náà á sì gbà pé ọ̀rá ló lọ. Lọ́jọ́ tó bá tún jẹ iyán, omi á padà, òun náà á sì sọ pé gbogbo ìyà tí òun jẹ já sí asán. Méjèèjì kì í ṣe òótọ́: ohun tó lọ ní ti gidi kò pọ̀ tó bó ṣe rò, ohun tó padà náà kò sì burú tó bó ṣe rò.

Orí omi yìí kan náà ni àwọn tó ń ta tíì àti àgbo ìfọkùn ti ń jèrè. Ewé tí ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbẹ́ àti omi á jáde, òṣùwọ̀n á wálẹ̀, ọ̀rá inú ikùn kò sì kúrò níbi tó wà. Ó ń dùn mí pé owó ńláńlá ni àwọn ènìyàn ń ná lórí nọ́ńbà tí ìgò omi méjì lè dá padà.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a ju òṣùwọ̀n sígbó. Àwọn ibì kan wà tí kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní artemether-lumefantrine, kílò ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye tí yóò lò: nínú hóró oníwọ̀n 20/120 (mílígíráàmù artemether 20 àti ti lumefantrine 120), ọmọ tó ti tó kílò 5 ṣùgbọ́n tí kò tíì tó 15 a lo hóró kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti tó 15 tí kò tíì tó 25 a lo méjì. Bí a bá fi ojú díwọ̀n ọmọ tó wà ní bèbè yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó lo ìdajì ohun tó yẹ kó lò, kí kòkòrò ibà sì ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti máa tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ: bí kílò rẹ̀ bá fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń gbá jọ sára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà. Omi tó ń tan àwọn yòókù jẹ gan-an ni ohun tí a ń wá níbẹ̀, kò sì sí téèpù tó lè tètè rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn nítorí kíndìnrín mọ èyí dáadáa, nítorí pé kílò tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ omi tí ẹ̀rọ yóò fà kúrò.

Ìlò kẹta ni ẹni tó ń rù láì mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹni tó wọn kílò 80 bá di 76 láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí kò yí oúnjẹ padà, tí kò gbààwẹ̀, tí kò bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, kí ó má ṣe dúpẹ́ pé òun ń fúyẹ́. Àtọ̀gbẹ lè wà nídìí rẹ̀, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV tàbí jẹjẹrẹ, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá ń lo òṣùwọ̀n, kí ó máa gùn ún ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìgbà tó bá ti tọ̀, kí ó tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí ilẹ̀ líle tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù ni kí ó wò, kí ó má ka ti ọjọ́ kan ṣoṣo sí.

BMI

BMI, ìgékúrú body mass index, ni pé kí a mú kílò ènìyàn, kí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, kí a sì tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó wọn kílò 84, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70, BMI rẹ̀ jẹ́ 29. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ohun tó bá wà lábẹ́ 18.5 sí rírù jù, láti 18.5 títí dé ìsàlẹ̀ 25 sí ohun tó dára, láti 25 títí dé ìsàlẹ̀ 30 sí àjùlọ ìwọ̀n, 30 sókè sì ni ìsanra tó di àrùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ìṣirò yìí kì í ṣe dókítà. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n bí ní ìlú Ghent ní ọdún 1796, jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò, ohun tó sì ń wá ní àwọn ọdún 1830 ni bí ènìyàn àárín ṣe rí láwùjọ, ìyẹn ẹni tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù bí a bá ro gbogbo ènìyàn pọ̀. Kò wá bí a ṣe lè mọ aláìsàn yàtọ̀ sí ẹni tó le. Ní ọdún 1972 ni Ancel Keys, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oríṣiríṣi ìṣirò wé ara wọn lára àwọn ọkùnrin láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, tí wọ́n yan èyí, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Kò sí obìnrin nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n. Ìṣirò tó rọrùn fún ìwádìí lórí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Láti inú ìwé ìwádìí ló ti wá bọ́ sórí tábìlì dókítà, tó di ohun tí wọ́n fi ń sọ fún ẹnì kan ṣoṣo pé ara rẹ̀ dá tàbí kò dá.

Ààlà tí wọ́n fà sí i náà kì í ṣe ohun tí ara fúnra rẹ̀ fà. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ènìyàn nígbà tí 24.9 bá di 25. Ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 1998, 27.8 ni wọ́n ń kà sí àjùlọ ìwọ̀n fún ọkùnrin, 27.3 fún obìnrin. Lọ́dún náà ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba ibẹ̀ fà á wálẹ̀ sí 25 fún tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì di ẹni tó sanra jù láì fi gíráàmù kan kún ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ènìyàn mẹ́ta tí mo fi ọkàn dá fún àpẹẹrẹ. Bíríkìlà kan wà tó ń po yanrìn, tó ń gbé búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kílò rẹ̀ jẹ́ 84, gíga rẹ̀ 1.70, téèpù sì fi hàn pé àyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82. Ọkùnrin kejì, orí àga ọ́fíìsì ló máa ń wà, tàbí kó wà nínú ọkọ̀ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Kílò rẹ̀ jẹ́ 84, gíga rẹ̀ 1.70, ṣùgbọ́n àyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ 104. BMI àwọn méjèèjì jẹ́ 29, ìkìlọ̀ kan náà ni wọn yóò sì gbà bí kò bá sí ẹni tó wò wọ́n jìnnà. Iṣan àti eegun ló pọ̀ lára ti àkọ́kọ́, ọ̀rá ló sì yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun èkejì ká. Ẹnì kẹta ni obìnrin kan tó ga ní mítà 1.60, tó wọn kílò 58, tí BMI rẹ̀ sì jẹ́ 22.7. Gbogbo ayé ló ń yìn ín pé ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, òṣùwọ̀n yìn ín, BMI náà yìn ín, bẹ́ẹ̀ sì ni àyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ 86, èyí tó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kó mi lọ́kàn sókè jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìran tún wà níbẹ̀, ó sì kan àwa gan-an. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn léraléra pé bí BMI aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun bá dọ́gba, eegun aláwọ̀ dúdú sábà máa ń nípọn jù, iṣan rẹ̀ a sì máa pọ̀ jù. Bí a bá fi ti èyí nìkan ṣe é, a ó ní kí wọ́n gbé ààlà wa sókè díẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ibi òdìkejì ni wọ́n gbà. NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, sọ pé fún àwọn tí ìran wọn wá láti Éṣíà, Áfíríkà tàbí Kàríbíánì, 23 ni kí wọ́n kà sí àjùlọ ìwọ̀n, 27.5 sì ni kí wọ́n kà sí ìsanra, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ju bí ó ti ń mú aláwọ̀ funfun lọ. Ọmọ Yorùbá tí BMI rẹ̀ jẹ́ 28 lè jẹ́ ẹni tó kàn wúwo díẹ̀ ní Ìbàdàn, kó sì di ẹni tó sanra dé ipò àrùn bí ó bá balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, láì jẹ nǹkan kan nínú bàálù. Mi ò sọ pé àwọn ará Bìrìtéènì ṣì í ṣe. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bọ́gbọ́n mu. Ohun tí mò ń sọ ni pé nọ́ńbà tí a ní láti máa yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà báyìí láti ìran dé ìran kò lè dá nìkan ṣe ẹlẹ́rìí.

Àwọn dókítà fúnra wọn ti ń sọ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, American Medical Association, gbé ìpinnu jáde pé kí wọ́n má ṣe lo BMI nìkan mọ́, kí wọ́n fi àwọn ìwọ̀n mìíràn tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún dámọ̀ràn nínú ìwé ìròyìn The Lancet Diabetes & Endocrinology pé kí wọ́n fi téèpù tàbí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rá jẹ́rìí sí ohun tí BMI bá sọ, kí wọ́n sì ya ẹni tí ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò tíì bà jẹ́ lára rẹ̀. Bí BMI bá ga kọjá 40, wọ́n gbà pé àṣejù ọ̀rá ti wà níbẹ̀ láì sí àní-àní. Àárín, láti nǹkan bí 23 títí dé 35, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà, ni BMI ti ń ṣìnà jù.

Téèpù

Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Èyí tó wà ní ìdí, ní itan àti lábẹ́ awọ jẹ́ ibi ìpamọ́ tí ara mọ bí ó ṣe ń tọ́jú. Èyí tó wọnú ikùn lọ, tó wé mọ́ ìfun, tó sì yí ẹ̀dọ̀ ká, ni oníwàhálà: ó ń da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún sí insulin, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣúgà á máa gòkè, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà á máa tẹ̀ lé e. Nínú ìwádìí INTERHEART tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, tí wọ́n ti wo nǹkan bí 27,000 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 52, títí kan ilẹ̀ Áfíríkà, ìwọ̀n ikùn tí a fi wé ti ìdí ló tọ́ka ẹni tí àrùn ọkàn yóò mú lójijì dáadáa ju BMI lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lo téèpù. Ti àkọ́kọ́ ni àyíká ikùn nìkan: sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti le bí ó bá kọjá 102 fún ọkùnrin àti 88 fún obìnrin. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọkùnrin kúkúrú àti ọkùnrin gíga fíofío ń pín ààlà kan náà. Èkejì ni pé kí a fi àyíká ìdí pín àyíká ikùn, kí ó má kọjá 0.90 fún ọkùnrin àti 0.85 fún obìnrin. Òun ni INTERHEART lò, ṣùgbọ́n ibi méjì ni a ó wọ̀n, a sì lè ṣìṣe ní méjèèjì. Ẹni tó bá tún ń fọn níkùn àti nídìí pọ̀, ìdáhùn rẹ̀ lè má yí padà rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́: kí àyíká ikùn má tó ìdajì gíga ènìyàn. NICE ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2022 fún àgbàlagbà tí BMI rẹ̀ kò tó 35, tọkùnrin tobìnrin, ìran yòówù kí ó jẹ́. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kí ikùn rẹ̀ má tó 85. Bí téèpù télọ̀ bá jẹ́ oníínṣì, ẹni tó ga ní ínṣì 67, kí tirẹ̀ má tó 33 àbọ̀. Bí a bá fi gíga pín ikùn, tó wà láàárín 0.5 àti 0.59, ewu ti ń pọ̀. Bí ó bá tó 0.6, ó ti ga. Ẹ padà wo àwọn mẹ́ta wa: bíríkìlà ní 0.48, ọkùnrin ọ́fíìsì ní 0.61, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ní 0.54. Ohun tí òṣùwọ̀n àti BMI fi pamọ́ ti hàn síta, kò sì ná wa ju iye téèpù kan lọ.

Ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì. Ẹ ká aṣọ kúrò, nítorí pé téèpù orí ìró àti bùbá kò wúlò. Ẹ fi ìka wá ibi tí eegun ìhà parí sí ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tún wá góńgó eegun ìdí lókè. Àárín méjèèjì ni téèpù yóò gbà. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tàbí dígí bá yín wò ó pé téèpù kò wálẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, kí téèpù fara kan awọ láì rì sínú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Kí àwọn ọkùnrin má sì fi nọ́ńbà ṣòkòtò dípò téèpù. Ẹni tó ń sọ pé 34 ni òun ń wọ̀ láti ìgbà tí òun ti wà ní yunifásítì, ó lè jẹ́ pé abẹ́ ikùn ni bẹ́líìtì rẹ̀ wà báyìí, tí ikùn sì ti yọ lé e lórí.

Téèpù náà ní ibi tí kò mọ̀. Kò lè fi ọ̀rá inú ikùn yàtọ̀ sí ti abẹ́ awọ. Kò wúlò fún aboyún. Obìnrin tí ìju ti tóbi nínú ilé ọmọ rẹ̀, tàbí ẹni tí omi gbá jọ sínú ikùn rẹ̀ nítorí àrùn ẹ̀dọ̀, téèpù rẹ̀ yóò ga, kò sì ní jẹ́ ọ̀rá. Ikùn tó bá ń tóbi nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ń rù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ti àwọn òṣùwọ̀n ìgbàlódé tó ń sọ ìdá ọ̀rá tó wà lára, iná mànàmáná díẹ̀ ni wọ́n ń rán gba ẹsẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń fi bí omi ara ṣe gbé e díwọ̀n ọ̀rá. Omi tí ènìyàn mu tàbí òógùn tó là lè yí ìdáhùn náà padà. DEXA, ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń ya eegun, iṣan àti ọ̀rá sọ́tọ̀, dára jù wọ́n lọ gan-an, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó ní in lọ́dọ̀ wa kò pọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò fi máa wá a kiri.

Ohun tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè rí

Òṣùwọ̀n, BMI àti téèpù, àmì ni gbogbo wọn ń wò láti ìta. Àwọn tínínrín pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn kò sanra, àrùn yẹn kò lè jẹ́ tàwọn. Bí ìfúnpá bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kílò yòówù kí ẹni náà jẹ́, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀ láì kọ́kọ́ dun ènìyàn níbì kankan. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò láàárọ̀ kí a tó jẹun, bí ó bá tó 126 mg/dL, tí àyẹ̀wò kejì sì sọ bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Àyẹ̀wò HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn náà dára, ààlà rẹ̀ sì ni 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé fún ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ó sì lè ṣini lọ́nà nígbà mìíràn fún AS. Nítorí pé AS pọ̀ láàárín wa, ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún dókítà kí ó tó yan àyẹ̀wò tí ẹ ó ṣe.

Bí mo bá ní láti fi owó díẹ̀ ṣe yíyàn fún ẹbí kan, téèpù ni n ó kọ́kọ́ rà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá láti apá ni n ó tẹ̀ lé e, òṣùwọ̀n ni yóò sì gbẹ̀yìn, àyàfi bí aláìsàn ọkàn bá wà nínú ilé.

Bí ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí

Oníṣẹ́ agbára àti ẹni tó ń gbé irin fún ìdárayá, kí wọ́n gbàgbé BMI, kí wọ́n lo téèpù àti ìfúnpá. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró nílò téèpù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ọ̀rá tó ti máa ń lọ sí ìdí àti itan a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ikùn lákòókò yìí, kódà bí kílò kò bá yí padà. Aboyún, òṣùwọ̀n ilé ìtọ́jú aláboyún ni tirẹ̀, BMI tó sì ní kí ó tó lóyún ni wọn yóò fi mọ bó ṣe yẹ kó fi kún un tó.

Ní ti ọmọdé, ìlà ìdàgbàsókè tó wà nínú káàdì rẹ̀ ni kí a máa wò, kì í ṣe ààlà àgbàlagbà. Láti oṣù mẹ́fà títí di ọjọ́ ìbí karùn-ún, téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wé mọ́ apá òkè wúlò púpọ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5, ebi ti bá ọmọ náà jà dé ibi tó léwu. Ọmọ tí kwashiorkor, àrùn àìjẹunre-kánú tó ń mú ara wú, mú, òṣùwọ̀n lè sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò burú, nítorí pé omi ló mú ara rẹ̀ wú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn sílẹ̀, tí kò tètè padà, ẹ má ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ sí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65, rírù ni kí a máa bẹ̀rù fún wọn ju sísanra díẹ̀ lọ. Iṣan wọn ń dín kù, ọ̀rá ń gba àyè rẹ̀, ẹ̀yìn wọn sì ń tẹ̀ tí gíga wọn fi ń dín, débi pé kílò àti BMI kò lè sọ ohun tó ń lọ mọ́. Ẹ gbé àga tí kò ní kẹ̀kẹ́ fún wọn, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n dìde dúró kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n nítorí ìṣubú. Bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára iṣan ti ń lọ. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ sì fi ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ìrìn ojoojúmọ́ kún ohun tí wọ́n ń ṣe, kódà bí òṣùwọ̀n bá sọ pé ìwọ̀n wọn kò yingin láti ọdún mẹ́wàá.